Orí òun Ẹsẹ̀: Ìgbòkègbodò Ara àti Ìtẹ́wọ́gba Ara Ẹni fún Obìnrin Aláìpọkànpọ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ìfáárà

Ìtàn Ifá kan wà tí Wándé Abímbọ́lá ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. Gbogbo Orí ni wọ́n pé jọ láti dáwọ́ lé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n wọn kò ké sí Ẹsẹ̀. Èṣù wò wọ́n, ó ní òun yóò rí bí wọn yóò ti ṣe é yọrí láìsí Ẹsẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, ìjà ni ìpàdé náà sì fi túká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ohun tí Abímbọ́lá fi hàn ni pé, nínú èrò Yorùbá, ẹni tí ó yan orí rere kò tíì ṣe tán. Ẹsẹ̀ ni yóò gbé orí náà dé ibi tí ó ń lọ.

Ọ̀ràn tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìtàn náà yẹ̀ wò ni ti àwọn obìnrin tí ó ń gbé pẹ̀lú ipò ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Àwọn tí ó ń kọ̀wé fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Òyìnbó sábà máa ń fún wọn ní ìmọ̀ràn méjì. Èkínní ni pé kí wọ́n máa lo ara wọn: kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa sáré, kí wọ́n máa jó. Èkejì ni pé kí wọ́n gba ara wọn bí wọ́n ti rí, kí wọ́n yé fi ara wọn wé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í ṣáko. Ìmọ̀ràn méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń wá, bí ẹni pé inú yàrá kan ni orí wà, tí ẹsẹ̀ sì wà nínú òmíràn. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àṣà àwọn obìnrin kan wà tí ó so méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ADHD. Àṣà náà ni oríkì kíkì, pàápàá jù lọ rárà ìyàwó. Èrò tí iṣẹ́ yìí ń gbé kalẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ tí yóò bá wúlò fún obìnrin aláìpọkànpọ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lára àṣà náà.

Ojú ọ̀nà kan náà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, láti Òṣogbo lọ sí ìhà Ọ̀fà. Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìnísà náà wà. Ogun Jálumi tí ó jà ní Ìkìrun ní 1878 kò ṣe àjèjì sí èyíkéyìí nínú wọn. Odò Ọ̀tìn tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ náà ní orúkọ jẹ́ odò obìnrin: ìtàn sọ pé láti Ọ̀tan ni Ọ̀tìn ti wá gba Ìnísà lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ó tó di omi. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, pé ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ jẹ́ obìnrin tí kò jókòó sí ilé rẹ̀.

Irú ipò tí àìpọkànpọ̀ jẹ́

Èdè Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún ADHD. “Àìpọkànpọ̀” ni yóò dúró fún un nínú iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò kó gbogbo rẹ̀ já. Ẹni tí ó ní in lè pọkàn pọ̀ sórí ohun tí ó wù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú tí kò ní rántí oúnjẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò rọrùn fún un láti darí ọkàn náà sí ibi tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́rin, kò parí ọ̀kan. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò mọ ibi tí ó gbé e sí. Wákàtí kan a dà bí ìṣẹ́jú márùn-ún lójú rẹ̀. Ní ti àwọn mìíràn, ara ni kì í gbé jẹ́ẹ́: ẹsẹ̀ ń mì, ọwọ́ ń wá ohun tí yóò fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu kí ẹlòmíràn tó sọ tirẹ̀ tán. Bínú bínú tètè máa ń dé sí i, ẹkún náà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń ṣe díẹ̀ nínú èyí nígbà mìíràn. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀ràn dókítà ni pé ó ti wà láti ìgbà èwe, kò sì yé dí ẹni náà lọ́wọ́ nílé, níbi iṣẹ́ àti láàrin ẹgbẹ́. Ó ń rìn nínú ìdílé. Ó sì ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń lo àwọn èròjà bíi dopamine àti noradrenaline, tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró lórí iṣẹ́ kan. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́n.

Ìtàn ìmọ̀ yìí kò nílò kí ẹsẹ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Alexander Crichton, dókítà ará Scotland, ti ṣàpèjúwe ọkàn tí kò lè dúró sójú kan ní 1798. Ní 1902, George Still sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọkùnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó rí. Ní 1980, ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbà pé àìpọkànpọ̀ lè wà láìsí ìwà àìfarabalẹ̀. Ní 1987 ni orúkọ tí ó wà títí di òní dé. Ní 2013 ni wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ pé ó tó kí àmì rẹ̀ ti hàn kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún 12, dípò 7, wọ́n sì dín iye àmì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kù.

Ọjọ́ orí yìí ṣe pàtàkì fún àwọn obìnrin. Ọmọkùnrin tí ó gun orí tábìlì yóò dé etí olùkọ́ àgbà kí agogo ìsinmi tó lù. Ọmọbìnrin tí ó tẹjú mọ́ ojú fèrèsé, tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú yàrá, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nítorí náà kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó ṣe é. Ìwádìí kan tí Abíọ́dún Adéwuyà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12, rí àìpọkànpọ̀ lára ìpín 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ọmọkùnrin pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ọkàn tí ń ṣáko láìsí ariwo. Ẹ̀yà yìí gan-an ni ojú kì í tètè rí.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe máàkì ìdánwò nìkan. Stephen Hinshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin 140 tí ó ní ipò yìí àti 88 tí kò ní in láti ìgbà èwe wọn. Nígbà tí wọ́n kọ ìròyìn ọdún kẹwàá ní 2012, wọ́n rí i pé àwọn tí ó ní in, pàápàá àwọn tí àìfarabalẹ̀ dà pọ̀ mọ́ tiwọn, ti gbìyànjú láti pa ara wọn tàbí láti ṣe ara wọn léṣe ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ìkórìíra ara ẹni ni ó bí irú èyí, ìkórìíra náà kò sì dédé hù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń bomi rin ín.

Ní àwọn ìlú tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ́n. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní onígbàgbé, oníwàdùwàdù, arìndìn, aláìlétí. Àwọn mìíràn a ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá dàgbà tí ó di ìyàwó ilé, ọbẹ̀ tí ó jóná àti owó tí ó sọnù yóò di ẹ̀rí pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí àpẹẹrẹ, kí ènìyàn fojú inú wo obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkìrun. Ó mọ ọjà í tà, ó mọ oníbàárà í pè, ẹnu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó sì máa ń gbàgbé ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dá àjọ. Lójú àwọn ìyálọ́jà, ọ̀lẹ tàbí òpùrọ́ ni. Lójú ara rẹ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni. Òwe Yorùbá ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni; ìjánu tí wọ́n fi sí obìnrin yìí lẹ́nu ti ń dá a lẹ́gbò láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀

Ìgbòkègbodò ara kì í ṣe oògùn tí í lé àìpọkànpọ̀ lọ. Ohun tí ìwádìí fi hàn mọ níwọ̀n: bí ẹni tí ó ní in bá rìn kíákíá, tàbí tí ó sáré, tàbí tí ó jó títí ọkàn rẹ̀ fi ń lù kìkì, àwọn èròjà ọpọlọ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan a pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ìfọkànsí rẹ̀ a sì dára sí i. Ẹ̀rí èyí lágbára lórí àwọn ọmọdé ju ti àwọn àgbàlagbà lọ, àǹfààní rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Àjọ NICE tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi eré ìdárayá déédéé sínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ní 2018. Inú ìlànà kan náà ni ó ti kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé wọ́n kì í sábà dá ipò yìí mọ̀ lára ọmọbìnrin àti obìnrin.

Ibi tí ènìyàn ń gbé lè yí ojú tí a fi ń wo ipò yìí padà. Ní 2008, Dan Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn Ariaal, ẹ̀yà darandaran kan ní àríwá Kẹ́ńyà. Wọ́n wo ẹ̀dà jíìnì kan tí àwọn onímọ̀ ti so mọ́ àìpọkànpọ̀. Láàrin àwọn tí ó ṣì ń da ẹran kiri, ara àwọn tí ó ní ẹ̀dà yìí jọ̀lọ̀ ju ti àwọn tí kò ní in. Láàrin àwọn tí ó ti tẹ̀dó sójú kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí ó ní in ni wọ́n rù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìgbé ayé ni ó yàtọ̀. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n wò nínú ìwádìí náà, bí ó ti sábà máa ń rí, nítorí náà kò ṣeé gbé lé obìnrin Ìkìrun lórí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé ìbéèrè kan dìde tí ó bá obìnrin wí gidigidi: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọkàn tí ń rìn kiri nígbà tí ẹsẹ̀ kò rìn mọ́?

Ìyá-ńlá àwọn ọmọ Òkukù àti Ìnísà ń ná ọjà ọrún-ọrún láti ìlú dé ìlú, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ wá máa fi ìyà náà yangàn. Obìnrin tí ó ru igi tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lára kò ṣe eré ìdárayá. Iṣẹ́ tí a fi agbára múni ṣe kì í tu ọkàn lára bí ìrìn tí ó wuni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ìgbésí ayé wọn kò dá ìjókòó wákàtí mẹ́fà mọ̀. Ọmọ-ọmọ wọn jókòó sórí àga nílé ẹ̀kọ́, ó gun ọ̀kadà relé, ó sì jókòó sí ìsọ̀ tàbí sí ìdí ẹ̀rọ POS títí di alẹ́. Ìdúró sójú kan tí ó ṣòro fún aláìpọkànpọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ ti di ìwọ̀n ọmọlúàbí obìnrin.

Rárà ìyàwó ní Òkukù

Karin Barber gbé ní Òkukù láti 1974 di 1977, kí ó tó di olùkọ́ ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ títí di 1984. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì, àwọn obìnrin àti ìtàn ìlú náà jáde ní 1991. Àkọlé ìwé náà gan-an túmọ̀ sí pé akéwì lè sọ̀rọ̀ títí di ọ̀la. Kì í ṣe ìwé nípa àìsàn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àpèjúwe kíkún nípa bí àwọn obìnrin ìlú kan ṣe ń lo ohùn, ìrántí àti ara wọn.

Rárà ìyàwó ni ọmọbìnrin ń sun nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ sí ilé ọkọ. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà obìnrin ilé, fún ìgbà pípẹ́. Kì í jókòó sun ún. Pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí ó ń tẹ̀ lé e, ó ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń dágbére fún àwọn ẹbí, ó ń ki ìran rẹ̀, ó ń ki baba àti ìyá, ó ń sọ ẹ̀rù tí ń bà á àti ìrètí tí ó ní, wọ́n sì ń ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo ìlú yóò dákẹ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí a wo ohun tí ó so pọ̀ níbẹ̀. Ara ń rìn. Ohùn ń bá ìrìn náà lọ. Ojú ibi tí ó ń bá pàdé ń yí padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Olùgbọ́ wà níwájú rẹ̀ tí ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì yóò jẹ́ kí ó ṣìnà. Bí dókítà kan bá jókòó láti to ohun tí ó máa ń ran aláìpọkànpọ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kò ní fi ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, òun náà sì ni bí a ṣe hun oríkì. Barber tẹnu mọ́ ọn pé oríkì kì í tò bí ìtàn. Ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró; akéwì a fò láti orí baba ńlá kan sórí àwàdà kan, láti orí àwàdà sórí ogun, láti orí ogun sórí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn tí ó ti ń fi òṣùwọ̀n ewì Òyìnbó wọn oríkì rí èyí bí àbùkù. Òun fi hàn pé agbára oríkì wà nínú fífò náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé akéwì Òkukù jẹ́ aláìpọkànpọ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ iye ọdún tí ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn gbà, kò sì mọ irú ìfarabalẹ̀ tí ó wà lábẹ́ fífò wọn. Kókó ibẹ̀ ni pé àwùjọ kan wà tí ó kọ́ ilé ẹwà sórí ọ̀rọ̀ tí ń fò. Ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ ju fífò lọ, tí olùkọ́ rẹ̀ ń nà nítorí rẹ̀, lè bá ara rẹ̀ pàdé nínú ilé náà láìjẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ orí

Ìtẹ́wọ́gba ara ẹni rọrùn láti ṣì gbọ́ ní èdè Yorùbá. Bí a bá sọ fún obìnrin kan pé kí ó gba bí Elédùmarè ti dá a, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó gba kádàrá, kí ó dákẹ́, kí ó jókòó. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún un; ó tilẹ̀ lè ṣe é ní ibi. Ìtàn Orí àti Ẹsẹ̀ dáhùn èyí. Orí tí ó jókòó ti ara rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan yọrí. Kí obìnrin mọ irú orí tí ó gbé wá sáyé ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ náà ni yóò jẹ́ kí ó mọ irú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kì í rántí gbèsè yóò wá ẹni tí yóò máa bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó rò pé olórí burúkú ni òun kò ní wá nǹkan kan.

Danielle Beaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield gbé iṣẹ́ jáde ní 2020 àti 2022 tí ó fi hàn pé àwọn àgbàlagbà aláìpọkànpọ̀ kì í ṣàánú ara wọn tó bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe, àti pé àìṣàánú ara ẹni yìí wà lára ohun tí ó so ipò wọn mọ́ ìbànújẹ́ ọkàn. Wọ́n tọ́ka sí àríwísí tí wọ́n ń rí gbà lọ́dọ̀ ènìyàn. Ibi yìí ni ìmọ̀ràn ilẹ̀ Òyìnbó ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó, nítorí inú yàrá, níwájú dígí, ni ó ń rán obìnrin lọ láti lọ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ rere. Bí ó bá jẹ́ ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ìkórìíra ti wọlé, ó ṣòro kí ẹnu òun nìkan lé e jáde.

Oríkì gba ọ̀nà mìíràn. Láti ẹnu ìyá, láti ẹnu ìyàwó ilé, láti ẹnu akéwì ni ó ti ń dé etí ẹni tí a ń kì. Àníkẹ́, Àdùkẹ́, Àjọkẹ́: àwọn orúkọ oríkì ọmọbìnrin wọ̀nyí ń sọ fún un, kí ó tó ṣe rere tàbí búburú kankan, pé àwọn ènìyàn ti gbà láti kẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ a wú. Ní ti oríkì àwọn àgbà àti ti ìran, wọn kì í fi gbogbo àléébù pamọ́. Barber rí i ní Òkukù pé ohun tí ojú ń tì ènìyàn láti sọ, gbèsè, ìjà, ìwà tí kò gún, lè wọ inú oríkì kí ó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọlá láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Àìlèjókòó Oníkòyí nítorí ogun, tí ì bá jẹ́ ẹ̀sùn lẹ́nu àwọn ìyàwó wọn, ògo ni ó jẹ́ nínú oríkì. Oríkì kò sọ pé ẹni náà kò ní àbùkù. Ó pe gbogbo rẹ̀ ní orúkọ, ó sì fi í sí ipò tirẹ̀ láàrin ìran rẹ̀. Ìtẹ́wọ́gba tí ó ní eegun nínú nìyẹn, ó sì sàn púpọ̀ ju ìyìn lásán lọ.

Ní ọjọ́ rárà, ìyàwó ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ mọ́ ìran náà, lójú gbogbo ènìyàn, bí ó ti ń rìn. Ibẹ̀ ni orí àti ẹsẹ̀ ti pàdé.

Bí ó ṣe lè wúlò lónìí

Kò sí ẹni tí yóò dá ìgbéyàwó àtijọ́ padà nítorí ADHD. Ìsìn Ìmàle, ìsìn Kírísítì àti ilé ẹ̀kọ́ ti yí ayẹyẹ náà padà, àwọn ìyípadà mìíràn sì dára fún ọmọbìnrin. Ohun tí ó ṣeé mú ni ìlànà rẹ̀: kí ìrìn àti ìgbóhùnsókè wà pọ̀, kí ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí a sì pe obìnrin náà ní orúkọ tí ó tọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin Àṣàlátù ń pàdé, àwọn ìyá ìjọ ń pàdé, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń jó. Obìnrin tí ó bá mọ̀ pé ọkàn òun máa ń dúró dáadáa lẹ́yìn ijó lè fi ìṣirò owó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìpàdé, kì í ṣe sí òru nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ lówùúrọ̀ dípò ọ̀kadà, bí ọ̀nà kò bá jìn. Iṣẹ́ pàápàá ní irú: alájọ tí ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ń lo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, bí ó bá ti lè ní ìwé tí ó ń kọ owó sí lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ náà lè bá aláìpọkànpọ̀ mu ju ìjókòó ti ìwé àkáǹtì lọ.

Àáró náà wà. Àwọn oníwòsàn òde òní ti rí i pé aláìpọkànpọ̀ máa ń lè ṣe iṣẹ́ tí ó sú u bí ẹnìkejì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa kò mọ̀ ọ́n sí ìtọ́jú. Oko ni wọ́n fi ń ro. Ṣùgbọ́n obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń fọ aṣọ ilé ara wọn, lónìí níbí, lọ́la lọ́hùn-ún, mọ ohun tí ó ń ṣe fún ọkàn.

Gbogbo èyí kò rọ́pò dókítà. Oògùn bíi methylphenidate ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ju ìrìn lọ, ó sì yẹ kí obìnrin tí ó bá ń ronú àtipa ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-ìwòsàn àwọn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo kò jìnnà púpọ̀ sí Ìkìrun. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023, rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Dídarapọ̀ ìṣègùn àti ìgbé ayé àdúgbò kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú: ní Àró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò dá ilé-ìwòsàn dúró fún abúlé, kò sì dá abúlé dúró fún ilé-ìwòsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti àwọn tí yóò kọ́ni. Òkukù ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí, àwọn ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ sì ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ní ìlú tí àwọn ọmọbìnrin ti ń rìn sun rárà. Àwọn ìyàwó tí Barber gbọ́ lẹ́nu wọn láàrin 1974 sí 1977 ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwọn tí ó ṣì wà láyé nínú wọn ṣì lè rántí ẹyọ rárà tí ìyá wọn kọ́ wọn, àti agbo ilé tí wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n sun ún.